Ọ̀wẹ̀ Ni Tàbí Àáró?

"Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà." N kò tíì dé ìjọ kan ní Fádèyí tí wọn kò ti pa òwe yìí létí mi. Bí wọ́n bá fẹ́ fọ ilé ìjọsìn, òwe yẹn ni. Bí wọ́n bá fẹ́ ra jẹnẹrétọ̀, òun náà ni. Èmi ò bá òwe jà o. Ohun tí mo kàn ń bi ara mi ni pé, àyà ta ni à ń sọ?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ máa ń ti Akọka lọ jọ́sìn ní Fádèyí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Orúkọ gbogbo wa ló wà nínú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: ẹni tí yóò gbálẹ̀ ní Sátidé, ẹni tí yóò to àga, ẹni tí yóò gbé ìlù, ẹni tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé tí wọ́n kọ iye owó tó wọlé sí ni kò sí lára ògiri.

Àwọn baba wa ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún iṣẹ́ àjọṣe. Bó bá jẹ́ ọ̀wẹ̀, ẹni tó ni oko ló ké sí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àna. Wọ́n á ṣiṣẹ́, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu; bílẹ̀ bá ṣú, oko ẹlẹ́ni ṣì ni oko ẹlẹ́ni. Àáró kọ́ nìyẹn. Lónìí a wà lóko tèmi, lọ́la a dé oko tìrẹ. Méjèèjì ló dára. Èyí tí kò dáa ni kí wọ́n pè wá sí àáró, kí á débẹ̀ kó jẹ́ ọ̀wẹ̀. (Ọ̀wẹ̀ gan-an ṣáà ní iyán!)

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó. Ní ìjọ St. Paul's, Breadfruit, owó àwọn ọmọ ìjọ ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà àlùfáà wọn, James Johnson. Ní 1901, Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell mú un kúrò níbẹ̀ láìka ohùn àwọn tó ń sanwó sí. Ọ̀pọ̀ wọn bá jáde, wọ́n lọ dá African Church, Bẹ́tẹ́lì, sílẹ̀. Johnson fúnra rẹ̀ kò bá wọn lọ. Apá yìí ló wù mí jù: bó bá jẹ́ nítorí ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe jáde, wọn ì bá ti padà.

Àwọn kan á ní ìjọ kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú, Ọlọ́run ló ń yan ìránṣẹ́ rẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí kẹfà. Àwọn tó ń sọ èdè Gíríìkì ń kùn pé wọ́n ń fo àwọn opó tiwọn bí wọ́n bá ń pín oúnjẹ. Àwọn àpọ́sítélì kò ní kí wọ́n lọ fara dà á. Wọ́n ní kí ìjọ fúnra rẹ̀ yan ọkùnrin méje. Ẹ wo orúkọ wọn, láti orí Stéfánù dé Níkóláù: orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn. Ó jọ pé àwọn tó ń kùn gan-an ni wọ́n gbé ìgbakọ lé lọ́wọ́.

Àbí ìdí nìyí tí àwa náà kì í fi í kùn sókè? Ká má parọ́, ọ̀wẹ̀ dùn mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Bí jẹnẹrétọ̀ bá bàjẹ́, a ó ní "àwọn àgbà ìjọ ni." Bí wọ́n bá pè wá sí ìgbìmọ̀, ìdánwò ti dé. Ẹni tí kò lóhùn níbi ìpinnu kò lẹ́bi níbi ìbàjẹ́, ìyẹn náà sì fúyẹ́ lọ́rùn. Àwọn àgbà ní ẹlẹ́rù ní í gbé ibi tó wúwo. Bí a bá wá ní kí wọ́n fi ìwé owó hàn wá, ká mọ̀ pé lọ́jọ́ tí owó bá dín, àwa náà ni wọn ó bi.

Ẹ̀yìn ìsìn ni wọ́n máa ń ka owó ọrẹ. Ebi ti ń pa èèyàn nígbà yẹn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ sì ti ń wọkọ̀ padà sí Akọka. Ta ni yóò dúró?