Àtúnṣe Ti Wọlé, Àléébù Kò Tíì Jáde

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2014, ìròyìn kan já àwọn tó ń bójú tó sáfà Linux láyà káàkiri ayé. OpenSSL, ètò tó ń pa àṣírí mọ́ láàárín kọ̀ǹpútà wa àti ojúlé tí a ń bẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti lu. Òṣìṣẹ́ Google kan àti ilé-iṣẹ́ Codenomicon ní Finland ló rí àléébù náà, Heartbleed ni wọ́n sì ń pè é. Ó ti wà nínú ẹ̀dà tí wọ́n gbé jáde láti oṣù kẹta ọdún 2012. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò á béèrè ohun kékeré lọ́wọ́ sáfà, sáfà á sì bu ohun tó tó kílóbáìtì 64 fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́mórì rẹ̀: pásíwọ́ọ̀dù, nọ́ńbà àwọn oníbàárà, àní kọ́kọ́rọ́ àṣírí sáfà fúnra rẹ̀. Kì í sì í fi ipasẹ̀ sílẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ sáfà.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni àtúnṣe jáde, ẹ̀dà 1.0.1g. Àṣẹ kan péré ni èèyàn máa tẹ̀, àtúnṣe á wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Apache tàbí nginx, ètò tó ń gbé ojúlé fún àlejò, tó ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀ láti oṣù tó kọjá ti gbé OpenSSL àtijọ́ sí mẹ́mórì. Tuntun wà lórí dísìkì, àtijọ́ ló ṣì ń dá àlejò lóhùn lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn mọ irú rẹ̀: òwú tuntun lè wọlé láàárọ̀ yìí, aṣọ tó wà lórí òfì, òwú tí wọ́n ti ta sí i tẹ́lẹ̀ ló ń jẹ. Títí ẹ ó fi dá ètò náà dúró, kí ẹ tún un gbé dìde, ihò ò tíì dí.

Ẹni tó bá ń bẹ̀rù láti dá iṣẹ́ dúró, kó wo Kánádà: ilé-iṣẹ́ agbowó-orí ìjọba ibẹ̀ ti ojúlé rẹ̀ pa ní ọjọ́ kejì ìròyìn náà. Àsìkò tí gbogbo ìlú ń fi ìwé owó-orí ránṣẹ́ ni, gbèdéke sì jẹ́ ọjọ́ 30 oṣù náà. Síbẹ̀, olè ti ráyè wọlé kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Láàárín wákàtí mẹ́fà, ó kó nọ́ńbà ìdánimọ̀ nǹkan bí èèyàn 900 lọ. Ọjọ́ 13 ni wọ́n tún ojúlé ṣí, wọ́n sì sún gbèdéke sí ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún. Mo kan sáárá sí wọn fún títì yẹn. Ká ní wọ́n ní kí èrò kọ́kọ́ lọ tán, ó lè jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún nọ́ńbà ni olè ì bá kó lọ.

Ti kernel, ọkàn Linux fúnra rẹ̀, tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àléébù Dirty COW tí wọ́n kéde ní oṣù kẹwàá ọdún 2016 ti wà nínú Linux láti ọdún 2007, ó sì ń sọ ẹni lásán tó ní ààyè sí sáfà di ọ̀gá pátápátá. Gbígbé Apache dìde kò ran èyí. Gbogbo sáfà ni ẹ ó pa kí ẹ tún un tàn, àfi bí ẹ bá ní livepatch, tó ń tún kernel ṣe láìpa sáfà, àmọ́ tí kì í gba gbogbo àtúnṣe. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi bá ẹni tó ń yangàn pé sáfà òun kò kú láti ọdún kan àbọ̀ yọ̀.

Ní Òkè-Ògùn wa, ọ̀rọ̀ yìí tún ní apá kejì. Bí sáfà iléèwé bá wà nínú yàrá kan ní Ṣakí, tí iná ọba lọ, tí ó sì rẹ ínfátà, sáfà á kú lọ́sàn-án gangan, nígbà tí èrò pọ̀. Nígbà tí iná bá dé, àtúnṣe oṣù mẹ́ta tí ẹ ti kó jọ á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí sáfà kò bá dìde, èwo nínú wọn lẹ fẹ́ mú? Ó sì lè jẹ́ ètò tí ẹnìkan fọwọ́ tàn lọ́jọ́ kan, tí kò pàṣẹ pé kó máa dìde fúnra rẹ̀, ló dákẹ́ síbẹ̀.

Àléébù tí ará ìta lè gbà wọlé, ọjọ́ tí àtúnṣe rẹ̀ bá wọlé ni kí ẹ tún ètò tàbí sáfà náà tàn, bó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ tí èsì ìdánwò jáde. Èyí tó jẹ́ pé ẹni tó ti wà nínú sáfà nìkan ló lè lò ó, ẹ wo àwọn tó ní ààyè síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin méjì péré, ó lè di òru Sátidé. Bó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó sùn.

Lórí Ubuntu, ẹ ó rí ìlà kan bí ẹ bá ti ń wọlé: *** System restart required ***. Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ti mọ́ ọn débi pé wọn kì í kà á mọ́. Ẹ ṣí fáìlì /var/run/reboot-required.pkgs, á dárúkọ ohun tó ń fẹ́ kí ẹ tún sáfà tàn. Kí ẹ tó pa á, ẹ ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ yín sí ibòmíràn, kí epo wà nínú jẹnẹrétọ̀, kí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà sì wà nítòsí, nítorí sáfà tó kọ̀ láti dìde kì í gbọ́ ìpè láti Ìbàdàn. Bó bá ti dìde, ẹ tẹ uname -r, kí ẹ rí i pé kernel tuntun ló ń ṣiṣẹ́.