Ìka Tó Ṣẹ̀ Lọba Ń Gé: Àwùjọ àti Àṣemáṣe Àwọn Olórin Kòríà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Òwe yìí kúrú, ṣùgbọ́n òfin mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀. Èkíní, a gbọ́dọ̀ mọ ìka tí ó ṣẹ̀ kí a tó mú ọ̀bẹ. Èkejì, ìka ni a ó gé, a kò ní gé apá. Ẹ̀kẹta, ọba ni ó ni ọ̀bẹ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí inú bá ń bí láàárín ọjà. Òfin mẹ́ta yìí ni mo fẹ́ fi wọn ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ní Gúúsù Kòríà nígbàkígbà tí ariwo bá ta pé olórin kan tí tọmọdé tàgbà fẹ́ràn ti ṣe ohun ìtìjú. Ìbéèrè tí ó yẹ kí á bi ara wa ni èyí: nígbà tí gbajúmọ̀ tí a fẹ́ràn bá já wa kulẹ̀, ẹ̀tọ́ wo ni a ní láti fi ìyà jẹ ẹ́?

Kí á tó dájọ́, ó yẹ kí á mọ bí iṣẹ́ náà ti rí. Olórin ìgbàlódé ní Kòríà kì í ṣàdédé di olórin. Ilé-iṣẹ́ ni ó ń ṣà wọ́n jọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti ìgbà tí wọn kò tí ì pé ọmọ ọdún 15. Wọn yóò kọ́ orin, wọn yóò kọ́ ijó àti èdè òkèèrè, fún ọdún mélòó kan, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti ń sin ọ̀gá. Nígbà tí mẹ́ta nínú àwọn olórin ẹgbẹ́ TVXQ pe ilé-iṣẹ́ SM lẹ́jọ́ ní 2009, ayé gbọ́ pé àdéhùn ọdún 13 ni wọ́n tọwọ́ bọ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni àjọ ìjọba tí ń mójú tó ìṣòwò gbé àwòkọ́ ìwé àdéhùn jáde, tí ó dá gbèdéke ọdún 7.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn nìkan ni àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ń tà. Wọ́n ń ta ìwà pẹ̀lú. Wọ́n ń ta ọ̀dọ́ tí kò ní àbùkù, tí kì í bínú, tí ó sì dà bí ẹni pé ti ẹni tí ń ra orin rẹ̀ nìkan ni í ṣe. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń ka níní olólùfẹ́ léèwọ̀ fún ọ̀dọ́ olórin ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí a bá polówó rẹ̀ bí ẹni tí kò lè ṣẹ̀, ọjọ́ tí ó bá hu ìwà ènìyàn ni àwọn oníbàárà yóò ní ó rẹ́ àwọn jẹ.

Ẹ jẹ́ kí á wá yẹ àwọn ẹjọ́ náà wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, àṣírí ilé ijó alẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Burning Sun tú ní àdúgbò Gangnam ní ìlú Seoul. Seungri, ọ̀kan nínú àwọn olórin ẹgbẹ́ BIGBANG, wà lára àwọn ọ̀gá ibẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bá ara wọn sọ lórí fóònù bọ́ sọ́wọ́ oníròyìn, a gbọ́ pé Jung Joon-young, tí òun náà jẹ́ olórin, a máa ya fíìmù àwọn obìnrin tí ó ń bá lò pọ̀ láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, a sì máa pín in kiri bí ẹni ń pín obì. Ilé-ẹjọ́ rí i pé òun àti Choi Jong-hoon fipá bá obìnrin lò pọ̀. Ní 2020, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn rán Jung lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 5, ó sì rán Choi lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 2 àti ààbọ̀. Ní 2022, ilé-ẹjọ́ ológun fi ẹ̀wọ̀n ọdún 1 àti ààbọ̀ dá sèríà fún Seungri lórí òwò nàbì, tẹ́tẹ́ àti ẹ̀sùn mìíràn.

Níhìn-ín, ìka ṣẹ̀ lóòótọ́. A mọ ìka náà, a sì mọ̀ pé àwọn obìnrin ni ó pa lára. Kí á má sì purọ́: ariwo àwọn ará ìlú wúlò nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ọ̀gá ọlọ́pàá kan wà tí àwọn ọ̀rẹ́ wọ̀nyí gbójú lé. Ní 2018 pàápàá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ti wọ́de ní Seoul láti tako àwọn tí ń ya fíìmù obìnrin ní ìkọ̀kọ̀. Bí ọba bá sùn lọ, ó yẹ kí ará ìlú jí i.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹjọ́ kejì. Ní oṣù kẹta 2024, Karina, olórin ẹgbẹ́ aespa, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn olólùfẹ́ orin rẹ̀. Kí ni ó ṣe? Ìròyìn ni ó jáde pé òun àti òṣèré kan ń fẹ́ra. Ọmọ ọdún 23 ni. Àwọn kan gbé ọkọ̀ tí ó ní pátákó iná lọ sí iwájú ilé-iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ń bi í bóyá ìfẹ́ tí àwọn fún un kò tó ni. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí a gbọ́ pé àwọn méjèèjì ti pínyà. Ta ni Karina pa lára? Kò sí ẹnìkan. Gbèsè tí kò jẹ ni ó ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ẹjọ́ kẹta tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2010, ọ̀pọ̀ ènìyàn kóra jọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní irọ́ ni Tablo, olórin ẹgbẹ́ Epik High, ń pa pé òun gboyè ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà. Ó kó ìwé-ẹ̀rí jáde, wọ́n ní ayédèrú ni. Yunifásítì jẹ́rìí sí i, wọn kò gbà. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, àwọn ọlọ́pàá kéde pé òótọ́ ni ó ń sọ. Ní 2012, ilé-ẹjọ́ dá àwọn kan lẹ́bi nínú àwọn tí ó bà á lórúkọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Nígbà tí ó ti balẹ̀ tí ó ti fọ́, ta ni yóò ṣà á jọ?

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti àwọn obìnrin méjì kan. Sulli di olórin ẹgbẹ́ f(x) nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15. Wọ́n bú u nítorí ọkùnrin tí ó ń fẹ́, wọ́n tún bú u nítorí pé kò wọ kọ́mú. Ó kú ní oṣù kẹwàá 2019, ní ọmọ ọdún 25. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Goo Hara, tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ KARA, kú ní ọmọ ọdún 28. Ọkùnrin kan tí ó ti fẹ́ ẹ rí ni ó halẹ̀ mọ́ ọn pé òun yóò gbé fíìmù ìkọ̀kọ̀ wọn síta. Síbẹ̀, obìnrin yìí ni àwọn kan ń bú. Nínú fíìmù kan tí BBC gbé jáde ní 2024, oníròyìn Kang Kyung-yoon sọ pé Goo Hara ni ó ran òun lọ́wọ́ láti mọ ọlọ́pàá tí ó wà lẹ́yìn àwọn èèyàn Burning Sun. Ẹni tí àwùjọ sọ di ẹni ẹ̀gàn ni ó bá àwùjọ tú àṣírí ìwà ibi.

Ẹnìkan lè wí pé, “Ìfẹ́ wa ni wọ́n fi lówó, ẹ̀tọ́ wa ni láti bi wọ́n léèrè.” Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ra orin lè ṣíwọ́ rírà á. Ṣùgbọ́n orin ni ó rà, kò ra olórin. Nǹkan méjì ni a ń dàpọ̀: ẹ̀ṣẹ̀ àti ìjákulẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni pé a pa ẹlòmíràn lára. Ìjákulẹ̀ ni pé ẹni kan kò rí bí a ti rò pé ó rí. Bí a bá fi pàṣán kan náà na méjèèjì, a ti sọ ẹ̀ṣẹ̀ di ohun kékeré. Àwùjọ tí ó bínú sí Karina bí ẹni bínú sí Jung kò mọ ohun tí Jung ṣe.

Àwọn ará Kòríà fúnra wọn ti ń wá àtúnṣe. Ní oṣù kẹwàá 2019, Daum ti àyè èsì àwọn òǹkàwé pa lábẹ́ ìròyìn àwọn òṣèré àti olórin. Naver ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2020. Òfin ìbanilórúkọjẹ́ wọn le tó bẹ́ẹ̀ tí òótọ́ ọ̀rọ̀ pàápàá lè di ẹ̀sùn bí kò bá jẹ́ fún ire àwùjọ, ilé-ẹjọ́ tí ń tú òfin ìlú sì fọwọ́ sí i ní 2021. Ṣùgbọ́n òfin tí ó lè pa ẹnu abúni mọ́ lè pa ẹnu ẹni tí a ṣẹ̀ mọ́ pẹ̀lú. Òfin nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀rí-ọkàn kọ̀ láti ṣe.

Nítorí náà, kí á padà sí òwe wa. Kí á wádìí kí á tó bínú. Bí ìka bá ṣẹ̀, kí á jẹ́ kí ilé-ẹjọ́ gé e, kí á sì dúró ti ẹni tí a pa lára. Bí kò bá ṣẹ̀, kí á gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Àwọn àgbà náà ni ó ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a fi ti òsì fà á mọ́ra. Sulli àti Goo Hara gba ìnà ọwọ́ ọ̀tún. Ìgbà tí wọ́n kú tán ni àwùjọ tó rántí pé òun ní ọwọ́ òsì.