Níbi Tí Ojú Ènìyàn Kò Dé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, nígbà tí àwa ará Alímọ̀ṣọ́ bá ra ẹja lọ́jà Ìkòtún, ǹjẹ́ a máa ń bèèrè bí wọ́n ṣe pa á? Lórí ọ̀sà Ológe, lọ́nà Àgbádárìgì, apẹja a máa fi ọkọ̀ ọpọ́n kékeré wọ ibi tí omi kò jìn, tí ọkọ̀ ńlá kò lè dé. Irú ibẹ̀ ni ọmọ ẹja ń sá sí láti dàgbà. Kò sí ẹni tí yóò rí i bí ojú àwọ̀n rẹ̀ bá kéré jù. Àwọn kan tilẹ̀ ti da Gammalin 20, oògùn kòkòrò kòkó, sínú odò rí ní Nàìjíríà, kí ẹja lè kú lẹ́ẹ̀kan náà.

Súrà Al-Máídà ṣe ẹja omi ní hàláàlì fún wa. Kò ṣe ìbàjẹ́ omi ní hàláàlì. Wọ́n ní ebi ni. Lóòótọ́, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó kó ọmọ ẹja tán lónìí, oúnjẹ ọmọ tirẹ̀ ló kó. Àwa tí à ń rà á kò sì bọ́ níbẹ̀, nítorí owó wa ló ń rán an níṣẹ́.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á máa bẹ̀rù Rẹ̀ níbi tí kò sí ẹlẹ́rìí. Àmín.