Amòòkùn Jalè àti Ojú Tí Ó Ń Wò Ó

Òwe kan wà tí àwọn àgbà Yorùbá máa ń pa fún ẹni tí ó ń fi ìwà àìtọ́ pamọ́, òun ni: "Amòòkùn jalè, bí ọba ayé kò rí ọ, ti ọ̀run ń wò ọ́." Àwọn oníwàásù fẹ́ràn òwe yìí débi pé ọ̀dọ́ onígbàgbọ́ mìíràn lè rò pé inú Bíbélì ni wọ́n ti mú un, bẹ́ẹ̀ ẹnu àwọn baba ńlá ni ó ti jáde, ìjọ kàn yá a lò nítorí pé ó bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ mu ni. Ohun tí ó yẹ kí a wò nínú rẹ̀ ni ọ̀nà tí ó gbà gbé àròjinlẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, àti bí ó ṣe lè wúlò fún ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ tẹ̀lé Krístì ní àsìkò tí òkùnkùn ti di ohun tí ènìyàn lè gbé sínú àpò kiri.

Àárín ẹni mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ inú òwe náà wà, ìyẹn olè, ọba ayé àti Ọba ọ̀run, ṣùgbọ́n òkùnkùn gan-an ni ó gbé ọgbọ́n rẹ̀ ró. Amòòkùn ni ẹni tí ó fi òkùnkùn bora, tí ó dúró di ìgbà tí ojú dá kí ó tó ṣe ohun tí ó ní lọ́kàn. Bí ó bá jẹ́ pé onítọ̀hún kò mọ̀ pé olè jíjà kò dára ni, ọ̀sán gangan ni ì bá wọlé onílé, tí ì bá sì máa kí àwọn ènìyàn lójú ọ̀nà bí ó ti ń gbé ẹrù lọ. Fífarapamọ́ tí ó fara pamọ́ fi hàn pé ó mọ̀. Kí ọba tó pè é lẹ́jọ́, kí ẹlẹ́rìí kankan tó yọjú, òun fúnra rẹ̀ ti yan òkùnkùn, yíyàn náà sì ti jẹ́rìí takò ó. Ìdí nìyí tí òwe náà kò fi fi àkókò ṣòfò láti máa kọ́ olè pé olè jíjà burú. Ìṣirò olè ni ó bá a jà lé lórí: olè kà á pé nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rí òun, ọ̀rọ̀ bùṣe, òwe sì dá a lóhùn pé iye tí ó kà kò pé, ó ku ẹnì kan.

Bí a bá gba ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀, yóò hàn pé kì í ṣe àwọn adigunjalè nìkan ni òwe náà ń bá wí. Ọ̀dọ́ tí ó ń pa àkọsílẹ̀ ohun tí ó wò lórí fóònù rẹ́ lóru kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má baà rí i, òṣìṣẹ́ tí ó dé ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́wàá tí ó sì kọ aago mẹ́jọ sínú ìwé, oníṣòwò tí ó lu ìdí kóńgò wọnú kí gàrí tí yóò gbà lè dín kù, ẹni tí ó fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ bú ẹlòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì: kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí a ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní rere àti búburú. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, wọn kò ní wá ibi tí wọn yóò sá pamọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ tí òwe náà sọ nípa ọba ayé tún fẹ́ ìwádìí díẹ̀, nítorí pé ó sọ ọ́ láìfi bò pé ọba ayé lè má rí ohun gbogbo. Láyé àtijọ́, Aláàfin Ọ̀yọ́ ní àwọn ìlàrí tí ń jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn ajẹ́lẹ̀ tí ń ṣojú rẹ̀ ní ìlú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nǹkan ń ṣẹlẹ̀ tí kì í dé etí ààfin. Lóde òní, ìjọba, ọlọ́pàá, ilé ẹjọ́ àti kámẹ́rà ni ọba ayé, kò sì sí ibi tí a ti lè rí agbára wọn àti àìtó agbára wọn kedere bí inú gbọ̀ngàn ìdánwò ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1977, ìbéèrè ìdánwò àjọ WAEC jó síta débi pé títí di òní ni àwọn tí wọ́n ṣe ìdánwò náà ń pè é ní "Expo 77." Ní ọdún 1984, ìjọba ológun gbé òfin nọ́ńbà 20 jáde, èyí tí ó sọ pé ẹni tí ó bá ṣe màgòmágó nínú ìdánwò lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 21. Ìyà náà pọ̀ tó láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, màgòmágó kò sì dópin. Nígbà tí òfin mìíràn dé ní ọdún 1999, ẹ̀wọ̀n tí ó gùn jù nínú rẹ̀ kò ju ọdún 5 lọ. Nígbà tí ó di ọdún 2015, àjọ JAMB gbé gbogbo ìdánwò rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń gba ìtẹ̀ka gbogbo olùdánwò, wọ́n sì tún wá gbé kámẹ́rà kọ́ sí ibùdó ìdánwò lẹ́yìn náà. Ní ọdún 2025, àjọ kan náà kéde pé àwọn kan ti ń pa ìtẹ̀ka ẹni méjì pọ̀ mọ́ ara wọn nígbà ìforúkọsílẹ̀, àwọn mìíràn sì ń fi ẹ̀rọ pa àwòrán ojú ẹni méjì dà di ọ̀kan ṣoṣo, kí ẹlòmíràn lè jókòó ṣe ìdánwò ní orúkọ wọn. Bí ọba ayé ti ń fi ojú kún ojú ni òkùnkùn ń ṣípò padà, tí ó fi wá sá wọ inú ìtẹ̀ka ọwọ́, ohun tí gbogbo ayé ti rò pé kò lè purọ́.

Ó yẹ kí a sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe èyí ń lọ sí ilé ìjọsìn. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí òbí ti ń sanwó kí wọ́n lè bá ọmọ rẹ̀ kọ ìdánwò ni wọ́n ń pè ní "miracle centre," àfi bí ẹni pé iṣẹ́ ìyanu Jésù àti ìwé tí wọ́n jù wọlé láti ojú fèrèsé jẹ́ nǹkan kan náà. Nígbà tí èsì bá jáde tán, òbí kan náà ni yóò gbé ọmọ náà wá síwájú pẹpẹ láti dúpẹ́. Ibi tí òwe ti le mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé, iwájú ẹni tí ó wò ó nígbà tí ó ń ṣe é ni ó tún gbé ọpẹ́ wá.

Àwọn baba ńlá mọ̀ pé ọba kò lè dúró sí oko gbogbo, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo ààlè. Àmì ìkìlọ̀ ni ààlè, ó lè jẹ́ àkísà, ṣùkù àgbàdo, ìkarawun ìgbín tàbí bàtà tí ó ti gbó tí olóko so mọ́ ohun ìní rẹ̀, kí ẹni tí ó bá fẹ́ mú un lè mọ̀ pé ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ kò ní dára fún òun. Ẹ̀rù ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ni ààlè fi ń ṣọ́ oko. Ọ̀dọ́ onígbàgbọ́ tí wọ́n ti kọ́ nínú ìjọ pé ààlè kò lè ṣe òun ní nǹkan kan gba ẹ̀kọ́ tí ó tọ́ gẹ́gẹ́ bí ìgbàgbọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá torí bẹ́ẹ̀ na ọwọ́ ká ọsàn olóko, a jẹ́ pé ìjọ gba ẹ̀rù kan kúrò lọ́kàn rẹ̀ láìfi ohunkóhun dípò rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí baba baba rẹ̀ tí kò mọ Krístì jẹ́ olóòótọ́ jù ú lọ lábẹ́ igi ọsàn yẹn.

Èyí ni ó bí àtakò tí àwọn ọlọ́gbọ́n máa ń gbé dìde sí òwe yìí: bí ó bá jẹ́ nítorí pé ẹnì kan ń wò ni ènìyàn kò fi jalè, ṣé olóòótọ́ ni onítọ̀hún, àbí olè tí kò tíì rí àyè? Àtakò náà ní ìwọ̀n tirẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kíyè sí ẹni tí òwe náà ń bá sọ̀rọ̀, nítorí pé olè ni ó pè, kò pe olóòótọ́. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń dá ẹni tí ó ti nawọ́ dúró kò lè jẹ́ irú èyí tí a fi ń tọ́ ẹni tí kò ní i lọ́kàn láti nawọ́. Òwe náà kò sì dárúkọ ìyà kankan. Kò ní Ọba ọ̀run yóò sán ààrá pa olè tàbí pé yóò sọ ọ́ di aláàbọ̀ ara, wíwò nìkan ni ó sọ pé Ó ń wò. Ẹni tí a ń wò, tí ó sì mọ̀ pé a ń wò òun, lè bẹ̀rù, ó sì tún lè tijú, ìtìjú sì sún mọ́ ìwà rere ju ẹ̀rù lọ, nítorí pé ẹni tí kò bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ń wò ó kò ní tijú rẹ̀.

Bọ́lájí Ìdòwú, onímọ̀ ẹ̀sìn tí ó di olórí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà lẹ́yìn náà, mẹ́nu kan ifá àyà nínú ìwé rẹ̀, Olódùmarè: God in Yoruba Belief, tí ó jáde ní ọdún 1962. Ifá àyà ni ohun tí ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láti inú ọkàn ara rẹ̀ nípa ohun tí ó tọ́ àti ohun tí kò tọ́, èyí tí àwọn onígbàgbọ́ ń pè ní ẹ̀rí ọkàn. Bí ojú tí ń wo ènìyàn bá ti wọ inú rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀, a kò tún lè sọ pé ẹ̀ṣọ́ ni ó dúró tì í. Ìtàn Jósẹ́fù nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì orí 39 jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó dára. Ọmọdékùnrin tí wọ́n tà sí Íjíbítì ni, kò sí bàbá, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí ará ìlú kan tí yóò gbọ́ ohun tí ó bá ṣe pẹ̀lú aya Pọ́tífárì, ọ̀gá rẹ̀, ọba ayé tí ó wà nínú ilé náà sì ti jáde. Ó kọ̀ láti bá obìnrin náà dẹ́ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n sì ni ó bá kíkọ̀ náà lọ. Àwọn tí ń wàásù pé Ọlọ́run ń wò, tí wọ́n sì ń fi èrè ojú ẹsẹ̀ dì í, máa ń yára fo apá ẹ̀wọ̀n yìí kọjá.

Ohun kan tún wà tí òwe náà kò sọ, tí ó sì wà nínú àròjinlẹ̀ rẹ̀. Ojú tí ó rí olè nínú òkùnkùn kò lè ṣàìrí ẹlòmíràn tí ó wà nínú òkùnkùn kan náà. Hágárì, ẹrúbìnrin tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ Sáráì, tí ó sì jókòó ti orísun omi nínú aginjù, kò jalè. Ìyà ni ó lé e débẹ̀. Síbẹ̀ òun ni Jẹ́nẹ́sísì orí 16 sọ pé ó fún Ọlọ́run ní orúkọ nítorí pé Ó rí òun. Jésù pẹ̀lú, nínú Mátíù orí 6, sọ̀rọ̀ nípa ìtọrẹ àánú, àdúrà àti ààwẹ̀, ó sì sọ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé Baba tí ń rí ohun ìkọ̀kọ̀ yóò san ẹ̀san rẹ̀. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́ tí ó gbé àpò ìrẹsì fún opó, tí ó sì ní kí opó náà dúró kí wọ́n ya fọ́tò tí yóò gbé sórí WhatsApp, ń ṣe irú ìṣirò tí amòòkùn ń ṣe, àfi pé ó yí i padà: olè gbà pé ohun búburú tí ènìyàn kò rí kò sí, olùfúnni yìí gbà pé ohun rere tí ènìyàn kò rí kò sí. Opó náà ni ó sì ru ìtìjú tí kò yẹ ẹ́.

Ó ku ibi tí wọ́n ti ń ṣi òwe yìí lò jù lọ. Nígbà tí owó bá sọnù nínú ìjọ, tí ẹnì kan bá sì béèrè ìṣirò, àwọn kan máa ń sọ pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún Ọlọ́run tí ó rí ohun gbogbo. Òwe kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ọba ayé kò bá rí ọ. Kò ní kí ọba ayé pa ojú dé. Nígbà tí òfin ilé-iṣẹ́ tí a ń pè ní CAMA jáde ní ọdún 2020, tí ó fún àjọ CAC tí ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀ láyè láti dá àwọn alábòójútó ẹgbẹ́ àti ìjọ dúró lórí ẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́, ọ̀pọ̀ olórí ìjọ fárígá. Ó lè jẹ́ pé ìbẹ̀rù pé ìjọba lè fi òfin náà gba ìjọ ní ìdí, nítorí pé ìjọba Nàìjíríà kò fi ara rẹ̀ hàn bí ẹni tí kì í ṣi agbára lò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ pé Ọlọ́run nìkan ni yóò wo ìwé owó òun ń ti ọba ayé kúrò lójú ọ̀nà, iṣẹ́ amòòkùn sì nìyẹn. Nínú ìwé kejì sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí 8, Pọ́ọ̀lù ní owó ọrẹ tí yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn mímọ́ ní Jerúsálẹ́mù, kò sì dá a fún ẹnì kan ṣoṣo; ó rán Títù, ó sì fi arákùnrin méjì mìíràn kún un, ó ṣàlàyé pé ohun tí ó dára lójú Olúwa àti lójú ènìyàn pẹ̀lú ni òun ń lépa. Bí àpọ́sítélì bá lè gba irú ìṣọ́ bẹ́ẹ̀ láàyè lórí ara rẹ̀, kò sí ohun tí ó fi yẹ kí inú bí akápò ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹni méjì mìíràn bá a ka owó ìkórè, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀.