Ibi Tí Mo Gbé Píjò Bàbá Mi Sí

Bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn ti ilẹ̀kùn Píjò wọn. Bí o bá ti sọ̀kalẹ̀, wàá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wàá kó aṣọ rẹ mọ́ra kí bọ́tìnnì má baà ha ara mọ́tò. Wọ́n á wá fúnra wọn yí ká, wọ́n á di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, wọ́n á rọra tì í títí yóò fi dún "kùm" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìró yẹn ni wọ́n máa ń fetí sí. Bó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ṣí i pa dà, wọ́n á tún un tì.

Ọdún 1983 ni wọ́n rà á, 504 aláwọ̀ eérú. Ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n, lóònù ìjọba ni wọ́n fi rà á, ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n sì fi ń yọ owó náà nínú owó oṣù wọn. Kàdúná ni wọ́n ti ń to irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ nígbà náà, láti 1975 tí ilé-iṣẹ́ Píjò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́njú láyé ìgbà yẹn mọ̀ pé 504 ni mọ́tò olùkọ́, òun ni mọ́tò dókítà, òun ni mọ́tò ìjọba, òun náà ló sì ń kó èrò láti Ìbàdàn lọ sí Èkó. Àwọn òyìnbó alára ti fi oyè dá a lọ́lá ní 1969, pé òun ni mọ́tò tó ta yọ jù lọ ní Yúróòpù lọ́dún náà.

Títí bàbá mi fi kú, "fọ́ọ̀sì bọ́dì" ni mọ́tò yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòkunbọ̀ mọ ohun tí mò ń wí: ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún ní Kàdúná ló ṣì wà lára rẹ̀, panẹ́ẹ̀lì-bítà kankan ò gbé òòlù lé e rí. Bàbá ní òòfà kékeré kan nínú àpótí iwájú mọ́tò. Bí ẹnì kan bá jiyàn, wọ́n á mú un jáde, wọ́n á fi kan ilẹ̀kùn, á lẹ̀ típẹ́. Wọ́n á fi kan bọ̀nẹ́ẹ̀tì, á lẹ̀. Wọ́n á fi kan búùtù, á lẹ̀. Irin ni òòfà ń lẹ̀ mọ́, kì í lẹ̀ mọ́ bọ́dífílà tí wọ́n fi ń dí ibi tó bá ti kó sínú. Ibi tí òòfà bá ti bọ́, ibẹ̀ ni irọ́ wà.

Nígbà tí mọ́tò náà bọ́ sọ́wọ́ mi, mo gba ìwà bàbá mi mọ́ ọn. Mi ò gbé e sábẹ́ igi máńgòrò. Mi ò jẹ́ kí àwọn tó ń fọ mọ́tò lẹ́bàá ọ̀nà fi fóòmù tó ti já bọ́ sílẹ̀ kàn án, nítorí yanrìn inú fóòmù yẹn ló ń ha mọ́tò kì í ṣe ọṣẹ. Nígbà ọyẹ́, bí eruku bá bo mọ́tò, mi ò jẹ́ kí àwọn ọmọdé fi ìka kọ orúkọ wọn sí i lára. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀: gbogbo ọ̀dà tí ilé-iṣẹ́ kùn sára mọ́tò, láti èyí tó kan irin títí dé èyí tó ń dán lókè, nínípọn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti bébà ìwé kan lọ. Bí nǹkan bá ha á, fi èékánná rẹ la ojú ibẹ̀ kọjá. Bí èékánná ò bá kọ́, pọ́líṣì lè mú un kúrò. Bó bá kọ́, àfi kí wọ́n tún un kùn. Nítorí náà ni ara mi ṣe máa ń bù máṣọ bí mo bá rí i lóde ìyàwó tí ènìyàn fara ti mọ́tò onímọ́tò láti ya fọ́tò, tí irin báàgì ń ha bọ̀nẹ́ẹ̀tì lọ, tó ń ha á bọ̀.

Ibi yòówù kí n gbé mọ́tò náà lọ, igun tó jìnnà jù ni mo máa ń wá, ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní ṣí ilẹ̀kùn lu tèmi. Màá wá fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí mò ń lọ. Ìwà yẹn dára, títí di òní ni mo ṣì ń hù ú. Àmọ́ ara mọ́tò tèmi nìkan ni ojú mi ń rí.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ní Ìbàdàn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń ṣègbéyàwó. Nígbà tí mo fi máa dé, ọgbà gbọ̀ngàn náà ti kún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù péńpé tó ń tàn yòò, tí fèrè wà lẹ́nu rẹ̀, ń darí mọ́tò. Ó nawọ́ sí àlàfo kan láàárín jíìpù méjì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọlé síbí. Ààyè gbà yín."

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Bí àwọn oníjíìpù bá ti ń bọ́ sílẹ̀, ara Píjò ni ilẹ̀kùn wọn máa bà lé. Mo ní rárá. Mo ti rí ibi tó wù mí: ẹ̀yìn Corolla funfun kan tó kọjú sí ògiri. Bí mo bá gbé tèmi dábùú ẹ̀yìn rẹ̀, òdòdó ni yóò wà níwájú, ojú ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí mọ́tò tó máa sún mọ́ ọn.

"Ẹ ó dí Corolla yẹn o, ẹ̀gbọ́n. Kò ní lè jáde."

"Ta ló ń kúrò lóde ìyàwó báyìí? Kó tó fẹ́ lọ, màá ti jáde."

Ó wò mí. Mo jù ú lọ, kò lè bá mi jiyàn. "Ó dáa, sà. Ẹ fi sí fíríì nígbà náà, kí ẹ má fa háńbíréèkì. Bó bá di dandan, a ó tì í síwájú díẹ̀."

Ẹ̀yin náà mọ àṣà yìí. Kò sóde tí wọn kì í ti í ṣe é. Mo fi sí fíríì, mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo ti gbogbo ilẹ̀kùn pa. Mo rí i pé ilẹ̀ náà dà díẹ̀ sọ́nà géètì, ni mo bá wá òkúta kan há táyà iwájú. Mo wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì bí mo ṣe ń wọlé lọ. Ọkàn mi balẹ̀. Mi ò kọ nọ́ńbà fóònù mi sílẹ̀. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn.

Corolla yẹn, àwọn àna wa ló ni ín. Òun ló gbé ìyá àgbà ọkọ ìyàwó wá, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, tí wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà. Nǹkan bí agogo méjì ni Màmá dédé fara ti àga, òógùn bò wọ́n, ohùn wọn ò jáde mọ́. Ọmọ wọn ọkùnrin sáré jáde láti lọ ṣáná sí mọ́tò, ó sì bá Píjò mi lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n ní ẹ́ḿsíì pè mí nígbà mẹ́rin. "Ẹni tó ni 504 aláwọ̀ eérú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbé e kúrò." Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni mo wà lọ́dọ̀ àwọn alásè, mò ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bu oúnjẹ fún àwọn ará ilé tí kò lè wá. Àwọn onílù wà láàárín èmi àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ọkùnrin mẹ́rin ló yọ òkúta kúrò tí wọ́n sì ti mọ́tò náà. Kò ju ẹsẹ̀ bàtà méje tí wọ́n fẹ́ kó sún lọ. Ó sún, kò sì dúró. 504 fẹ́rẹ̀ẹ́ wọn tó 1,200 kílò, kò sí apá ènìyàn tó lè dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ dúró bó bá ti ń lọ sísàlẹ̀. Sítíárìn ti lọ́ọ̀kì láti ìgbà tí mo ti yọ kọ́kọ́rọ́, kò sẹ́ni tó lè yí i. Ẹnì kan sáré dé ẹnu ilẹ̀kùn pé kí òun fa háńbíréèkì, ilẹ̀kùn tí mo fi kọ́kọ́rọ́ tì ni ó bá. Ẹlòmíràn ti bọ́ síwájú rẹ̀ láti fi ọwọ́ dá a dúró kí wọ́n tó pariwo mọ́ ọn pé kó fò kúrò. Mo ti yí táyà iwájú sósì díẹ̀ nígbà tí mò ń gbé e síbẹ̀, òun ló wá darí mọ́tò lọ sára ilé jẹnẹrétọ̀. Igun kọ́ńkéré ilé yẹn ló fi ya apá òsì Píjò láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ọmọbìnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá ti jókòó sí igun yẹn láti àárọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ fún oníbàárà kan ní ṣéńjì ni.

Ìró yẹn ni mo gbọ́. Mo sáré jáde. Ẹ̀gbẹ́ ti wọlé, ilẹ̀kùn iwájú ti ká bí ewé, ti ẹ̀yìn ti kó sínú. Mo kígbe: "Ta ló ti mọ́tò mi? Ta ló sọ pé kí ẹ fọwọ́ kàn án?"

Bí mo ṣe ń kígbe yẹn ni ọkùnrin kan gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ó pọn ìyá rẹ̀ sẹ́yìn, bàtà Màmá kan ti já sílẹ̀. Ó wò mí, kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó gbé ìyá rẹ̀ sínú Corolla, ó sì wa ọkọ̀ lọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ owó ò gùn. Ara géètì gbọ̀ngàn náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ohunkóhun tó bá ṣe mọ́tò, ọlọ́kọ̀ ló ni ín. Ìbánigbófò tí mo ní sì ni èyí tí òfin fi dandan lé, tó ti di 15,000 náírà láti oṣù Kìíní ọdún 2023. Bí mo bá ba dúkìá ẹlòmíràn jẹ́, wọ́n á san án tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà, ṣùgbọ́n wọn kì í fi tún mọ́tò ẹni fúnra rẹ̀ ṣe. Àpò mi ni mo yọ ọ́ nínú, ó sì lé ní 400,000.

Panẹ́ẹ̀lì-bítà tó tún un ṣe, àgbà ọ̀jẹ̀ ni. Ó rí ilẹ̀kùn iwájú mìíràn rà lọ́jà, kò rí ti ẹ̀yìn, ni ó bá lù ú bọ̀ sípò. Ó fi bọ́dífílà dí i, ó fi sáńdípépà àti omi bó o fún odidi ọjọ́ méjì. Ọjọ́ tó po ọ̀dà, abẹ́ ibòji ni a ti wò ó, ó bára mu bí ìbejì. A tì í bọ́ sínú oòrùn, ó yàtọ̀. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi ọ̀dà: ogójì ọdún ni oòrùn ti ń pa èyí tó kù, ọ̀dà tuntun ò lè mọ irú oòrùn tí ti àtijọ́ ti rí. Mo mú òòfà bàbá mi jáde, mo fi kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi sínú eruku. Panẹ́ẹ̀lì-bítà náà gbójú kúrò.

Ọ̀pọ̀ òru ni mo fi ń wá ẹni tí màá dá lẹ́bi. Ọ̀dọ́mọkùnrin onífèrè ni? Òun ló kìlọ̀ fún mi. Àwọn tó tì í ni? Ẹ̀mí ènìyàn ni wọ́n ń gbà là. Mọ́tò tí mo fẹ́ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má kàn, ibi tí wọ́n máa ti ní láti fọwọ́ kàn án ni mo lọ gbé e sí. Ìfẹ́ tí mo ní sí i ló gbé e débẹ̀. Láàárín jíìpù méjì tí mo sá fún, bóyá yóò fara ha díẹ̀, ohun tí pọ́líṣì lè mú lọ.

Nísinsìnyí, bí ọgbà bá kún, ìta ni mò ń gbé e sí, kódà bí mo bá máa gun ọ̀kadà pa dà sóde. Ẹ̀yìn ni mo fi ń wọlé sí àlàfo kí n lè jáde wéré. Mo ń fa háńbíréèkì, mo ń fi gíyà kọ́ ọn, bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí n fi sí fíríì, mo ń wá ibòmíràn lọ. Nọ́ńbà fóònù mi wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, mo fi bírò dúdú kọ ọ́ gàdàgbà.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìgbéyàwó náà ni ọmọ Màmá wá sílé mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kó owó sórí tábìlì pé kí n fi tún mọ́tò ṣe. Mo dá owó náà pa dà fún un, mo sì rò pé mo ti ṣe bí ọmọlúàbí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbọ́, ó pè mí lórí fóònù.

"O jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀ fún ọ? Ìwọ ló yẹ kó o lọ dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Àna wa ni wọ́n. Ká ní Màmá kú ńkọ́?"

Mo lọ. Màmá ti pa dà sílé láti ilé ìwòsàn, wọ́n jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n na ẹsẹ̀. Ọmọ wọn fi mí hàn pé ẹbí ìyàwó ni mí. Wọ́n súre fún mi, wọ́n bi mí léèrè ìyàwó tuntun, wọ́n bi mí léèrè àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Wọ́n ní mọ́tò ẹnì kan bàjẹ́ nítorí mi lọ́jọ́ yẹn. Ọlọ́run á fi òmíràn dípò fún un. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Ọmọ wọn ń wo ilẹ̀. Kò tíì sọ fún wọn.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Màmá. "Èmi ni, mà. Èmi ni mo dí yín lọ́nà."

Wọn ò fèsì fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá pe ọmọ-ọmọ wọn kan nínú ilé pé kó gbé omi wá fún àlejò.