Okùn Tó So Aládùúgbò Pọ̀

Kí ìwé kíkọ tó dé ọ̀dọ̀ wa, àrokò ni ọba fi ń bá ọba ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Owó ẹyọ méjì tí a so ní ìkojú-síra, ìfẹ́ ni; bí a bá so wọ́n ní ìkẹ̀yìn-síra, ìjà ti dé. Okùn kan náà ni a sì fi ń so méjèèjì. Èyí ni mo máa ń rántí bí àwọn aláṣẹ bá ń sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò sọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà di ọmọ ìyá kan. Okùn kì í dá ìfẹ́ sílẹ̀. Ohun tí a bá so mọ́ ọn ni ó ń gbé lọ.

N kò fojú kéré okùn o. Ní ọjọ́ 14, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn báǹkì kan l'Ékòó, Gánà àti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ náà sì fara gbá a. Àjọ ECOWAS pàápàá ṣe òfin ní 2017 kí owó ìpè lè dínkù fún ẹni tó bá kọjá ẹnubodè. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n lè wà ní Kétu kí àbúrò wà ní Ìmẹ̀kọ.

Ṣùgbọ́n bí ìjà bá dé ńkọ́? Ní oṣù Ògún ọdún 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger, Nàìjíríà gé iná mànàmáná tó ń lọ síbẹ̀. Ta ni òkùnkùn náà pọ́n lójú? Kì í ṣe ọ̀gágun tó ní jẹnẹrétọ̀. Àwọn kan yóò bi mí pé kí ni kí a fi bá ẹni tó ti ààrẹ tí ará ìlú dìbò yàn mọ́lé wí. Ìbéèrè náà tọ́, ìdáhùn rẹ̀ kò sì rọrùn. Ẹ gbẹ́sẹ̀ lé owó rẹ̀ ní báǹkì, ẹ má jẹ́ kó wọ̀lú yín. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa kì í pa ikọ̀, ì báà ṣe àrokò ìjà ló gbé wá. Ẹni tó rán an ni wọ́n ń bínú sí.

Ní ọjọ́ 29, oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso jáde kúrò nínú ECOWAS. Kò sí èyí tó ní etíkun nínú wọn. Ilẹ̀ aládùúgbò ni okùn íntánẹ́ẹ̀tì wọn ń gbà kí ó tó dé òkun. Títí di àkókò yìí, mo fẹ́ kí àwọn tó ń jókòó ṣe àdéhùn kọ ọ́ sílẹ̀, kí inú tó tún bí ẹnikẹ́ni, pé okùn yẹn kò sí lára ohun tí a lè gé.