Ìwà Ọmọ Sùúrù àti Aládùúgbò Tó Ń Bẹ̀rù



Ẹ mọ̀ pé fún àwa ará Èjìgbò, Àbíjàn dà bí àdúgbò wa kejì. Ọkùnrin kan tí ìgbéyàwó rẹ̀ tú ká níbẹ̀ padà wálé, ó gba yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó ń dá ọmọ tọ́. Ọdún 3 ló ti ń pọnmi fún wọn, tó ń mú ọmọ náà lọ síléèwé. Téèyàn bá dárúkọ ìgbéyàwó, á ní, "Ẹ jẹ́ n ṣe sùúrù ná."

Mo sọ ìtàn Ìwà ọmọ Sùúrù fún un. Ọ̀rúnmìlà fẹ́ ẹ, ó lé e lọ, ìgbà tí iyì ń tán lára rẹ̀ ló tó ń wá a kiri dé ilé Alárá, ilé Ajerò. Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀ mà ni o! Mo ní, "Àbúrò, ìbẹ̀rù lò ń pè ní sùúrù. Omi tó o pọn fún ọdún 3 yẹn gan-an ni sùúrù."

Ó dákẹ́. Ó ní ọmọ yẹn ti béèrè pé kí lòun á máa pe òun, òun ò sì rí èsì fọ̀.

Mi ò yan ẹbọ ńlá kankan fún un. Mo ní kó gbé obì lọ bá ẹ̀gbọ́n obìnrin náà.

Ó ní, "Baba, mélòó ni kí n rà?"